Tápẹ́ẹ̀tì Tí Ẹ Ní Kó Dákẹ́

Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti ọlọ́máṣìnì Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Ìgbòho, ẹ dúró. Ẹ pa máṣìnì yín ná, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ẹ ò pa á. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: tó bá fi lè kú pẹ́nrẹ́n, ó di kẹ́ ẹ wá èèyàn mẹ́rin tí yóò bá yín tì í. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí ariwo sáléńsà yín ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi.

Kò sí àdúgbò tí kò ní irú ọkùnrin tí mo fẹ́ bá wí lónìí. Bí ẹ bá wò yíká tí ẹ ò rí i ládùúgbò tiyín, ẹ lọ wo dígí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ nìyí, ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì nítorí ọyẹ́, ó ti mu ẹ̀kọ, ó ti jẹ àkàrà, ó ti sọ fún ìyàwó pé ó dìrọ̀lẹ́. Ó gun máṣìnì, ó gbá kíkì. Máṣìnì ní "pù". Ó tún gbá a, ó ní "pù-ù". Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mi táǹkì, ó gbọ́ epo nínú rẹ̀. Ó tú pọ́ọ̀gì, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó dá a padà. Ó gbá kíkì títí jákẹ́ẹ̀tì fi di ẹrù lára rẹ̀, ló bá bọ́ ọ kọ́ ọwọ́ máṣìnì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá dúró, wọ́n ń bá a kà á sókè ketekete. Ìyàwó yọjú láti ibi ìdáná: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò tíì lọ ni?" Kò dáhùn. Aládùúgbò kan sún mọ́ ọn, ó bi í pé kí ló ṣe máṣìnì. Bàbá Ìbejì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn nílẹ̀, ó ní: "Ayé ni."

Ayé kọ́. Ayé ò mọ ibi tí tápẹ́ẹ̀tì wà. Tápẹ́ẹ̀tì máṣìnì yẹn ló fún jù. Mẹkáníìkì ló fún un, ṣùgbọ́n ta ló rán mẹkáníìkì níṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù tó kọjá, sí abẹ́ igi máńgòrò tí mẹkáníìkì wà.

"Ọ̀gá, ẹ wá gbọ́ nǹkan. Ó ń dún."

"Kí ló ń dún?"

"Ó ń ṣe ta-ta-ta-ta lórí níbí. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀. Máṣìnì àwọn ẹgbẹ́ mi kì í dún báyẹn."

"Ṣé kí n mú un dákẹ́ ni?"

"Ẹ mú un dákẹ́ pátápátá. Owó wà."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló parí ọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì tó gbọ́ pé owó wà kò ní jókòó ṣàlàyé pé ìlera ni ta-ta-ta náà. Ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná débi pé ọmọ iṣẹ́ ń fi àkísà dì í mú, ọ̀gá tú ìdérí, ó fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì, ó yí ìdè inú rẹ̀ wọlé, ó fi ìka méjì mi rókà, ó ní "ó ti dáa." Bàbá Ìbejì gbá kíkì, máṣìnì jí, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó san owó, ó tún fún ọmọ iṣẹ́ ní owó omi tútù. Ó gbéra lọ sílé, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti ra àlàáfíà. Ó ti ra ìnáwó fáàfù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín, kẹ́ ẹ má baà ní mo kàn ń bú yín ni. Fáàfù méjì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì máṣìnì tí ọ̀pọ̀ yín ń gùn. Ọ̀kan ń ṣí kí epo àti atẹ́gùn wọlé, èkejì ń ṣí kí èéfín jáde. Apá irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rókà ló ń tẹ ìdí fáàfù kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí. Nígbà tí fáàfù bá ti pa dé, àlàfo tín-ń-tín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín rókà àti ìdí fáàfù. Àlàfo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tápẹ́ẹ̀tì. Irin tó bá gbóná a máa gùn sí i, inú àlàfo yẹn ni fáàfù sì ń gùn sí nígbà tí iná bá mú un. Bí ẹ bá fún un pa, ibo ni kó gùn sí nígbà tó bá gbóná? Kò síbi tó fẹ́ lọ, rókà ti dúró sí i lórí. Ṣe ni yóò ku díẹ̀ kó pa dé. Ẹ̀yin náà mọ ìkòkò mọ́ínmọ́ín tí ìdérí rẹ̀ ò jókòó: ooru ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ń jó, mọ́ínmọ́ín ò jinná. Bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnnì yín ṣe ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù tí kò pa dé, nígbà tó bá sì pẹ́, tí etí fáàfù ti jó, kò ní pa dé mọ́ bó tilẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tí máṣìnì fi ń sọ "pù" láàárọ̀.

Èyí tó burú jù ni ti fáàfù èéfín. Iná tó ń kọjá lára rẹ̀ ń mú kó gbóná kọjá 600 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìgbà kan ṣoṣo tó ń rí ìsinmi ni ìgbà tó bá jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, tó sì gbé ooru rẹ̀ fún irin orí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ní ìgbà 3,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ dìde ṣílẹ̀kùn fún àlejò lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ kan, ẹ fi ọ̀ràn rẹ̀ ro ara yín wò. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe tó báyẹn, ẹ tún wá gba àga lábẹ́ ìdí rẹ̀. Etí rẹ̀ yóò jó, yóò ṣán, ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá tú orí ẹ́ńjìnnì ni ẹ ó rí i tó ti já jẹ, ẹ ó wá máa bi í pé irú ẹbọ wo lèyí.

Báwo ni àlàfo náà ṣe tó? Nínú ọ̀pọ̀ máṣìnì kéékèèké tí à ń gùn, ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín 0.05 sí 0.10 mìlímítà. Honda CG125 ní tirẹ̀ fẹ́ 0.08 lójú méjèèjì. Bíléèdì olójú méjì tí onígbàjámọ̀ fi ń fá orí yín, nínípọn rẹ̀ ò ju nǹkan bí 0.1 lọ. Nǹkan tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń fi ìka wọ̀n, ìka tí ẹ fi ń wa àgbàdo, tí ẹ fi ń ta kókó okùn àpò èédú, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín náírà márùn-ún àti náírà mẹ́wàá nínú òkùnkùn.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́ pé ó yẹ kí àlàfo wà, wọ́n wá mú bíléèdì ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, wọ́n tì í bọ abẹ́ rókà, wọ́n ní "a ti wọ̀n ọ́n." Bíléèdì ayùn yẹn tó nǹkan bí 0.6 mìlímítà. Ẹ ti fi ilé sílẹ̀, ẹ ti kọjá oko, ẹ ti dé Okérété lẹ́nu ibodè Benin kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti ṣìnà. Tápẹ́ẹ̀tì tó là tó báyẹn kì í ṣe ta-ta-ta mọ́, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọkọ́ níbẹ̀. Fáàfù ò ní ṣí tó bó ṣe yẹ, máṣìnì ò ní lágbára, yóò dé ìdí òkè kékeré kan, yóò dúró, èrò ẹ̀yìn yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn, owó rẹ̀ ò sì ní dínkù.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni ẹ ó ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dún. Èyí tó là díẹ̀ jù yóò máa pariwo, yóò máa fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn títí ẹnì kan yóò fi dá a lóhùn. Èyí tó fún kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ èyí tó wá dùn mí jù: bí fáàfù ṣe ń gbá ìjókòó rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń rì wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ń gòkè sún mọ́ rókà. Nítorí náà máṣìnì tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, tó kàn ń dákẹ́ sí i lóṣooṣù, òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń ṣe? Ẹ ń fi í yangàn níwájú ọ̀rẹ́. "Ẹ wá gbọ́ tèmi, kò dún rárá." Ó ń kú lọ ni, ẹ̀gbọ́n.

Àwọn tó ń ta máṣìnì àlòkù mọ̀ yín ju bí ẹ ṣe mọ ara yín lọ. Wọ́n mọ̀ pé oníbàárà Òkè-Ògùn kò ní wo fáàfù, kò ní wo ọ́ìlì, etí ló fi ń ra ọjà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà ni wọ́n ti fún tápẹ́ẹ̀tì, wọ́n da ọ́ìlì tó ki sí i, wọ́n nù ún, wọ́n kun táyà rẹ̀ dúdú. Ẹ dé, ẹ gbá kíkì, ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́, ẹ wo ojú ara yín, ẹ ní "èyí ò tíì rìn." Ó ti rìn dé Kóńtágórà, ó ti padà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ rèé. Ta ló ń sọ pé òun ò fẹ́ ariwo? Ẹni tó ti gé ìdí sáléńsà rẹ̀ kí máṣìnì lè máa ké kíkankíkan. Ẹni tó gbé fèrè tírélà sára máṣìnì, tó jẹ́ pé bó bá fun ún lẹ́yìn ìyá alágbo, ìkòkò agbo á fọ́. Ẹni tó so ẹ̀rọ orin mọ́ abẹ́ àga, tó ń fi fújì jí gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọjà. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń pariwo, òun fúnra rẹ̀ ń pariwo, ìyàwó rẹ̀ ń pariwo lé e lórí, tápẹ́ẹ̀tì nìkan, irin tí kò tó ìka ọmọdé, ló ní kó panu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ ẹ̀yin mẹkáníìkì díẹ̀, kẹ́ ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Mo kí yín, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ gba fúrídọ̀mù, tí ẹ so fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú kólà àti bọ́tìnì. Bí a bá bi yín pé géèjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo dà, ẹ ó na ọwọ́ sí orí yín: "Ogún ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Etí mi ni géèjì mi." Ọ̀gá, etí wo? Etí tó ti ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, àti máṣìnì tí kò ní sáléńsà láti ogún ọdún? Ọmọ iṣẹ́ yín pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá kẹ́ ẹ tó dáhùn. Etí yẹn náà lẹ fẹ́ fi wọn 0.08?

Àwọn àgbà náà ò gbẹ́yìn. Bàbá kan á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀, yóò ní: "Nígbà tiwa, a gun Suzuki láti ibí dé Ìlọrin. A ò sẹ́tì tápẹ́ẹ̀tì kankan." Òótọ́ pọ́ńbélé ni, Bàbá. Suzuki A100 tẹ́ ẹ gùn nígbà yẹn, tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tó ń rú èéfín lé gbogbo ìlú lórí, kò ní fáàfù irú èyí, kò sì ní rókà. Kí lẹ fẹ́ sẹ́tì? Ẹni tí kò ní irun, ṣé ó máa ń sanwó ìdirun ni? Bó bá jẹ́ Honda C70 lẹ gùn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: tápẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀, 0.05 ló ń fẹ́, ẹnì kan sì ń bá yín sẹ́tì ẹ̀ láìsọ fún yín.

Kí n tó gbàgbé, àwọn ará Japan ti mọ irú èèyàn tí a jẹ́ tipẹ́. Ní 1976 tí Honda gbé CG125 jáde, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni wọ́n ní lọ́kàn, ibi tí ẹrù ti ń pọ̀ ju máṣìnì lọ, tí ẹni tó ni ín kò sì rántí pé ọ́ìlì ń di arúgbó. Wọ́n mú ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin méjì rọ́pò rẹ̀, kó má baà sí ohun tí yóò gùn, tí yóò já, tí ẹnì kan yóò máa bá fà. Ẹ́ńjìnnì náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ China fi wò ó ṣe tiwọn, ìran rẹ̀ ló kún ojú pópó wa lónìí. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n mú gbogbo ohun tí a lè bà jẹ́ kúrò, ó wá ku nọ́ọ̀tì méjì tí kò sí ọgbọ́n tí wọ́n fi lè mú un kúrò. Nọ́ọ̀tì méjì péré! Ibẹ̀ náà la ti bá wọn.

Kì í ṣe pé a ò lọ́gbọ́n. Ẹ ò rántí January 2009? Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù náà, ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto, wọn yóò mú un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà ti gbẹ́ igbá, wọ́n ti fi okùn sí i, wọ́n dé e lórí, wọ́n fi abẹ́ imú ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kọjá. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Ọwọ́ tó lè fi òru kan sọ igbá di akoto, tó sì bá orí olúwa rẹ̀ mu wẹ́kú, ọwọ́ yẹn ni wọ́n ní kò lè fi ewé irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ rókà.

Torí ewé irin pẹlẹbẹ náà ni gbogbo nǹkan tó ń dí yín lọ́wọ́. Fílà géèjì ni wọ́n ń pè é ní ìsọ̀ súpíyà pátì: ewé irin bíi mélòó kan tí wọ́n dè pọ̀ nídìí, wọ́n kọ nínípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ẹ wo èyí tí ewé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 0.05 kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo rán àbúrò kan ní Ìsẹ́yìn níṣẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó ní òun ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn ahunṣọ òfì, wọ́n ní fìlà wà, olówó iyebíye wà, abetí-ajá wà, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì hun oní-géèjì rí, àfi kí òun san àsansílẹ̀.

Ilé la ti ń sẹ́tì tápẹ́ẹ̀tì, láàárọ̀, nígbà tí máṣìnì ti sùn mọ́jú, tí ara rẹ̀ tutù. Mo ní láàárọ̀! Kì í ṣe ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, tí ẹ sáré kìlómítà 65 nítorí pé wọ́n ti tún títì ṣe, tí ẹ́ńjìnnì ń hó, tí ẹ wá ní "ẹ bá mi mú sípánà wá kí n tètè sẹ́tì ẹ̀." Ìwọ̀n tí ìwé máṣìnì kọ, ìwọ̀n òtútù ni. Ẹ tú pọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ́ńjìnnì lè rọrùn láti yí. Ẹ ṣí ìdérí kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì lókè. Ẹ kó gbogbo nọ́ọ̀tì jọ sínú abọ́ kan. Abọ́ tiyín ni o! Mo mọ ọkùnrin kan tó kó tirẹ̀ sínú abọ́ ọbẹ̀ ìyàwó, ìyàwó ò bá a jà, ó kàn bu gbẹ̀gìrì sí i lọ́sàn-án, ó ní "Ẹ jẹ oúnjẹ yín, ẹran wà nínú ẹ̀."

Ẹ wá yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sípánà tó bọ́ sí i lè ki máṣìnì sí jíà tó ga jù, kó gbé e dúró lórí ìdúró àárín, kó máa fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú. Ẹ máa wo ojú ihò kékeré tí ẹ ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì títí àmì "T" yóò fi bọ́ sójú ilà rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ di rókà mú, ẹ mì í: méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ìmì díẹ̀. Bí ọ̀kan bá le gbagidi, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ẹ wà lórí èéfín jíjáde ni, ẹ yí i ní ìyípo kan sí i kí "T" tún padà dé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akọni ti ń ṣubú. Wọ́n á sẹ́tì ẹ̀ lórí ìyípo tí kò yẹ, wọ́n á dé gbogbo rẹ̀ pa, máṣìnì ò ní jí, wọ́n á tún ní ayé ni.

Bó bá ti dúró dáadáa, ẹ fa ewé tó jẹ́ ìwọ̀n tiyín jáde, ẹ tì í bọ abẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kó máa di yín lọ́wọ́ díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fà á jáde. Bó bá ń fò wọlé fò jáde, ó ti là jù. Bí kò bá wọlé rárá, ẹ má fi òòlù lù ú, àbúrò! Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì, ẹ fi ohun èlò kékeré tó bá a mu yí ìdè àárín díẹ̀, díẹ̀ tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ẹ tún dán an wò. Bó bá ti ṣe déédéé, ẹ di ìdè náà mú ṣinṣin kẹ́ ẹ tó fún nọ́ọ̀tì, nítorí pé bí nọ́ọ̀tì bá ń fún, ó máa ń fẹ́ gbé ìdè dání lọ. Lẹ́yìn tó bá fún tán, ẹ tún fi ewé náà dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdánwò ìkẹyìn yìí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ wọ gbèsè, òun náà sì ni gbogbo yín kì í ṣe, torí pé ẹ ti ń pe ìyàwó kó wá wo ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo rọ́bà tó wà nídìí ìdérí kẹ́ ẹ tó dá a padà. Bó bá ti já, ọ́ìlì yóò máa sun jáde. Ẹ má sì fi agbára tẹ́ ẹ fi ń fa iṣu tu nínú ebè fún ìdérí náà, irin rírọ̀ ni orí ẹ́ńjìnnì, okùn rẹ̀ á jẹ. Ó parí. Kò gba àsìkò tó èyí tẹ́ ẹ fi ń jiyàn bọ́ọ̀lù.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu? Epo ni. Láti 29 May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà kan tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà kí 2024 tó parí. Ẹ ń bú ìjọba láti àárọ̀ dé alẹ́, ó tọ́ kẹ́ ẹ bú wọn, mo bá yín dá sí i. Ṣùgbọ́n bí fáàfù ò bá pa dé, epo tí ẹ fi owó gọbọi rà yẹn, apá kan rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kankan fún yín, ó gba ẹ̀yìn sáléńsà lọ. Ẹ ń gbé àpò èédú mẹ́ta, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan, ewúrẹ́ rẹ̀ àti ọmọ tó gbé ewúrẹ́ dání, lórí máṣìnì tí fáàfù rẹ̀ ń já jẹ, ẹ wá ń bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pé ṣé ó sanra sí i ni. Ìyá náà dáhùn ní ọjọ́ kan, mo wà níbẹ̀: "Èmi kọ́ ni mo sanra. Máṣìnì rẹ ló rù."

Mo ti sọ gbogbo èyí fún Bàbá Ìbejì, lójúkojú, ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí àlàfo dé orí nọ́ọ̀tì. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó ń mi orí. Ó ní "ẹn-ẹ́n", ó ní "òótọ́ ni", ó ní "ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ dára." Ó mú fílà géèjì lọ́wọ́ mi, ó tú ewé rẹ̀ ká, ó wò wọ́n lójú oòrùn, ó pa á dé, ó dá a padà fún mi tìtẹríba-tìtẹríba.

Ó ní: "Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹ̀ yé mi yékéyéké. Ẹ kàn bá mi wádìí nǹkan kan: ṣé kò sí oògùn kan téèyàn lè dà sínú ọ́ìlì, tí kò fi ní dún mọ́?"